Ṣé epo rọ̀bì lè dá ogun sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè?

Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ òun nìkan. Ní ọdún 1941, Amẹ́ríkà dá epo tí ó ń tà fún Japan dúró nítorí ogun tí Japan gbé wọ Ṣáínà àti Indochina (agbègbè Vietnam àti àwọn aládùúgbò rẹ̀). Dípò kí Japan padà sẹ́yìn, ó kọlu Pearl Harbor, ibùdó ọkọ̀ ojú omi ogun Amẹ́ríkà ní Hawaii, ní oṣù Kejìlá, kí ó lè ráyè gba àwọn kànga epo Indonesia. Ní ọdún 1990, Iraq tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn fẹ̀sùn kan Kuwait pé ó ń fa epo Rumaila, pápá epo tó wà ní ààlà àwọn méjèèjì, mọ́ òun lọ́wọ́, ó sì gbógun wọ̀ ọ́. Ó dùn mí pé ìyà rẹ̀ ń kan aláìmọwọ́mẹsẹ̀: nígbà tí Rọ́ṣíà wọ Ukraine ní 2022, epo dísẹ́ẹ̀lì wọ́n gógó, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń fi jẹnẹrétọ̀ mú ẹja dì ní Ẹ̀pẹ́.