Ẹni tó bá ní pákó ti gbẹ, bi í léèrè mítà ẹ̀

Àbúrò tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ̀mù ní Ṣàgámù, pé òun ò fẹ́ ṣe káfíńtà lásán, dẹsáínà lòun fẹ́ dà, ṣé kóun lọ pólì ni àbí kóun kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ, ó rán mi létí ohun tójú mi rí ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí.

Yíya àwòrán àga kọ́ ni wàhálà. Ìjókòó sẹ̀ǹtímítà 45 sílẹ̀, tábìlì 75, ìyẹn o ti mọ̀. Fi àjákù pákó ṣe ọ̀kan, jókòó lé e fún wákàtí kan, tí ẹ̀yìn bá ń dùn ẹ́, tún un ṣe. Omi inú pákó ló pa mí lára.

Bàbá kan ní kí n ṣe àga ìjẹun 24 sílé tuntun ẹ̀ kó tó di ọdún Ojúde Ọba. Dẹsáìn tèmi gan-an o, mi ò wò ó lórí fóònù. Mo ra pákó igi mẹ̀línà lápá Ìjẹ̀bú-Igbó, irú èyí tí ìjọba gbìn sígbó J4 nítorí ilé iṣẹ́ bébà Ìwópin. Mẹ̀línà dáa, ó fúyẹ́, àmọ́ kì í tètè gbẹ, òde á gbẹ, inú á ṣì tutù. Mo kúkú mọ̀! Torí ẹ̀ ni mo fi sanwó fún ọ̀gbẹ́ni kan tó ní òun kàwé igi. Ó fi ìka kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́tí sí i bí onílù, ó ní "ó ti gbẹ, máa báṣẹ́ lọ." Ìka o!

Ilé bàbá yẹn, AC látàárọ̀ dalẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ pákó ti súnkì, gọ́ọ̀mù ti já ní oríkèé, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá, régbérégbé bàbá, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, ti Ojúde Ọba dé, aṣọ òkè, ìlẹ̀kẹ̀, gbogbo ẹ̀, alàgbà kan jókòó, ẹsẹ̀ àga yọ, wọ́n bá ara wọn nílẹ̀, fìlà lọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn mí jù. Mo kó gbogbo 24 padà, owó ara mi ni mo fi tún wọn ṣe, oṣù mẹ́rin ni mo fi san gbèsè, ọ̀mọ̀wé onígi wa ní "iṣẹ́ Ọlọ́run ni igi, ta ló mọ inú ẹ̀?" Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Nítorí náà ra mítà tó ń wọn omi pákó kó o tó ra ẹ̀rọ kankan. Fún ilé tí AC wà, pàsẹ́ǹtì 8 sí 12 ni mò ń wá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní sọ́mìlì lè ju 50 lọ. Atẹ́gùn ilẹ̀ olójò wa yìí nìkan kì í gbé e débẹ̀, wá ibi tí wọ́n ti ń fi ooru mú un gbẹ. Ìbú ni pákó ti ń súnkì, gígùn ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, torí náà má fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú tábìlì mọ́ férémù ẹ̀ pa, jẹ́ kó ráàyè súnkì.

Ẹ jọ̀ọ́, má sáré gbé dẹsáìn ẹ sórí Instagram. Òfin lè dáàbò bò ó fún ọdún 5, o sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun lọ́jọ́ tó o mú un lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, èyí tí gbogbo ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ti jí tèmi ṣe ni lọ́yà tó sọ ọ́.

Tó o bá fẹ́ máa tà l'Ékòó, ro bó ṣe máa wọ mọ́tò. Ará Jámánì kan, Michael Thonet, ṣe àga No. 14 ní 1859, igi mẹ́fà àti ṣúrúù, 36 ń wọ inú àpótí mítà kan níbùú, lóòró àti ní gíga. Tèmi tó lọ l'ódidi, mẹ́jọ ló gba bọ́ọ̀sì.

Ẹ̀n-ẹ́n, pólì tó o béèrè. Lọ tówó bá wà, drọ́ìǹ ni kó o gbájú mọ́, bi olùkọ́ ẹ bóyá ó ti ta àga rí. Mẹ́ta nínú àga ọjọ́ yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, a fi ń gbé agolo fànísì lé.