Àgọ́ Ọ̀fẹ́ Nínú Igbó Òkè Georgia: Ìbéèrè Yín àti Ìdáhùn Wa

Lẹ́tà pọ̀ lọ́wọ́ wa lórí Chattahoochee, igbó ìjọba tó wà ní àríwá Georgia, níbi tí èèyàn ti lè pàgọ́ sùn lórí òkè tàbí nítòsí odò láìsan kọ́bọ̀. Kò yà wá lẹ́nu. Yorùbá tó ń gbé ní Atlanta àti agbègbè rẹ̀ kò kéré, bẹ́ẹ̀ ni igbó náà kò ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ tí èèyàn bá wakọ̀. Kò sí omi ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí ilé ìgbẹ́, kò sí ẹni tó ń kó ìdọ̀tí. Àwọn ìbéèrè tó ta kókó jù la mú síhìn-ín.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Òyìnbó kan níbi iṣẹ́ wa ní òun máa ń lọ pàgọ́ sínú igbó láìsanwó, láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣé òótọ́ ni? Nílùú tí onílẹ̀ ti lè yọ ìbọn sí ẹni tó bá ṣèèṣì wọ ilẹ̀ rẹ̀, mi ò fẹ́ kó ìdílé mi sí wàhálà. — Baálé ilé kan, Lawrenceville*

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni igbó Chattahoochee, iléeṣẹ́ Forest Service tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Tí a bá pa á pọ̀ mọ́ igbó Oconee, ó lé ní 860,000 éékà. Níbi tí kò bá ti sí òfin tàbí àmì tó kà á léèwọ̀, ẹ lè pàgọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ 14. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kẹ́rù kúrò. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ibẹ̀ di ilé. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ọgbà ìpínlẹ̀ bíi Vogel, tàbí Great Smoky Mountains tó wà lójú ààlà Tennessee àti North Carolina. Àwọn yẹn ń gba owó, Great Smoky sì ń béèrè ìwé àṣẹ kí èèyàn tó sùn sínú igbó rẹ̀.

Ibi tí ìbẹ̀rù yín ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé ilẹ̀ àdáni wà káàkiri inú igbó ìjọba yìí. Èèyàn lè ti wọ ilẹ̀ onílẹ̀ kó má mọ̀. Nítorí náà, ẹ gba máàpù ọkọ̀ tí Forest Service ń pín lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń pè ní Motor Vehicle Use Map. Ọ̀nà tí kò bá sí lórí rẹ̀, ẹ má fi ọkọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ máa wo ara igi pẹ̀lú: ọ̀dà pupa ni wọ́n fi ń sàmì sí ààlà ilẹ̀ ìjọba. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pe ọ́fíìsì àwọn aṣọ́gbó ní Blairsville tàbí Chatsworth, kí ẹ béèrè bóyá ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà ṣí, bóyá wọ́n ti fòfin de iná dídá, àti òfin tó wà lórí oúnjẹ nítorí béárì. Bó bá jẹ́ ìgbà ọdẹ àgbọ̀nrín ni, láti September dé January, ẹ dé fìlà tàbí wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò.

*Ẹ jọ̀ọ́, etí odò gan-an ló wù mí kí a sùn sí, kí àwọn ọmọ máa gbọ́ ìró omi títí oorun á fi gbé wọn lọ. Báwo ni àgọ́ ṣe lè súnmọ́ odò tó? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Marietta*

Ìyá wa, ẹ jẹ́ kó jìnnà tó 200 ẹsẹ̀ bàtà, ìyẹn nǹkan bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà 70. Ìró omi á ṣì dé etí àwọn ọmọ. Ọṣẹ, ìtọ̀ àti àjẹkù oúnjẹ tó bá súnmọ́ odò jù, inú odò ló ń bọ́ sí, ẹranko náà sì ń wá mumi níbẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n ewu àkúnya ló jù.

Odò òkè kì í kún bí odò pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àfonífojì rẹ̀ tóóró, ẹ̀gbẹ́ òkè méjèèjì sì ń da omi sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò lè rọ̀ ní máìlì mélòó kan sókè, kí ìràwọ̀ máa tàn níbi tí ẹ sùn sí, kí omi sì dé bá yín. Lóru June 11, 2010, ní Albert Pike nínú igbó ìjọba Ouachita ní Arkansas, odò Little Missouri kún lójijì bá àwọn tó sùn sí ẹ̀bá rẹ̀. Èèyàn 20 ló kú, ọmọdé sì wà nínú wọn. Ibùdó tí ìjọba là sílẹ̀ fún àgọ́ nìyẹn o.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń fi ibi tí omi dé rí hàn. Ẹ wo àwọn igi rhododendron kúkúrú tó sù jọ létí odò. Bí ewé gbígbẹ àti ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bá há sáàárín wọn ní gíga orúnkún tàbí ìbàdí, omi ló gbé e síbẹ̀. Bí koríko bá dojú bolẹ̀ síhà kan náà, tí iyanrìn sì bo ewé tó jábọ́, kò tíì pẹ́ tí omi kọjá níbẹ̀. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó rọ̀, tó sì wuni jù létí odò, àkúnya ló sábà máa ń tẹ́ ẹ. Ẹ gòkè kúrò lórí rẹ̀ sí ìpele tó tẹ̀ lé e, kí ẹ sì rí i dájú pé ọ̀nà wà tí ẹ lè gbà sá gòkè lóru láìsọdá omi. A ò ní gbà yín nímọ̀ràn láé pé kí odò wà láàárín àgọ́ yín àti ọkọ̀ yín, pàápàá pẹ̀lú ọmọ kékeré.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbójú sókè. Etí odò ni igi hemlock fẹ́ràn láti hù, kòkòrò wíńníwínní kan tó ti Éṣíà wá sì ti pa púpọ̀ nínú wọn lórí àwọn òkè yìí. Wọ́n ṣì wà lóòró, wọn ò léwé mọ́, èèpo ń bọ́ lára wọn, atẹ́gùn díẹ̀ sì tó láti já ẹ̀ka wọn. Ẹ fojú wọn gíga igi náà: bó bá wó síhà tí ẹ wà, ṣé ó lè kan àgọ́? Bó bá lè kàn án, ẹ wá ibòmíràn.

Ìdí odò tún máa ń tutù ju ẹ̀gbẹ́ òkè lọ. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo, ìsàlẹ̀ ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí lóru, ìrì sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ débi pé òkè àgọ́ á máa kán sórí yín nínú láàárọ̀.

Ojúmọmọ nìkan ni èèyàn lè ṣe gbogbo àyẹ̀wò yìí. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú, ibi tí iná ọkọ̀ bá tàn sí ló máa pàgọ́ sí, ibẹ̀ sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà igbó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó ku wákàtí mẹ́ta, ó kéré tán, kí oòrùn tó wọ̀. Bí ojú àgọ́ àtijọ́ bá wà tó bá ohun tí a sọ mu, òun ni kí ẹ lò, dípò kí ẹ tún tẹ koríko tuntun pa. Ẹ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú méjì. Òkúta àti gbòǹgbò tí ojú kò rí, ẹ̀yìn á mọ̀ ọ́n. Ọ̀rá tí ẹ bá tẹ́ sábẹ́ àgọ́, ẹ ká etí rẹ̀ wọ abẹ́. Bó bá yọ síta, á gba òjò, á sì darí rẹ̀ wá sábẹ́ ibi tí ẹ sùn sí.

*Omi àwọn òkè yìí mọ́ gaara ju omi ẹ̀rọ lọ. Ṣé dandan ni kí a sè é? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Athens, Georgia*

Dandan ni, àbúrò, tàbí kí o sẹ́ ẹ. Kòkòrò Giardia ń ti inú ìgbẹ́ ẹranko àti ti èèyàn wọnú odò, ojú lásán kò sì lè rí i. Ìgbẹ́ gbuuru rẹ̀ kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀; ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru oúnjẹ àná. Jẹ́ kí omi hó yaya fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ibi tó bá ga ju 6,500 ẹsẹ̀ bàtà lọ ni wọ́n ti ń sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, Georgia kò sì ní irú ibẹ̀: Brasstown Bald, òkè tó ga jù níbẹ̀, 4,784 ni. Bó bá jẹ́ oògùn oníhóró chlorine dioxide lo fẹ́ lò, dúró fún wákàtí mẹ́rin, nítorí Cryptosporidium, kòkòrò inú omi mìíràn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í tètè kú. Asẹ́ tó ní ọ̀pá tín-ín-rín nínú dára, àmọ́ bí omi inú rẹ̀ bá dì lóru, àwọn ọ̀pá náà á ya, kò sì ní hàn síta. Lóru tó bá tutù, gbé e sùn sínú àpò ìsùn rẹ.

Gààrí ló ń tú àwọn èèyàn wa fó. Wọ́n á se omi tíì dáadáa, wọ́n á wá bu omi odò tútù sórí gààrí. Omi gààrí, omi mímu ni. Omi tí wọ́n fi ń fọ eyín náà, bẹ́ẹ̀ ni.

*Ìyàwó mi ní òun ò lọ síbi tí òun ò ti ní rí irú àti ẹja gbígbẹ. Àwọn kan sì ní béárì á gbọ́ òórùn rẹ̀. Kí ni kí a ṣe? — Òǹkàwé kan, Stone Mountain*

Ó máa gbọ́ òórùn rẹ̀ lóòótọ́. Béárì dúdú nìkan ló wà ní Georgia, imú rẹ̀ sì mú gan-an. Irú, ẹja, ẹran sísun, ọṣẹ ìfọyín, ìpara ọmọ: ohunkóhun tó bá ti ní òórùn, oúnjẹ ni lójú rẹ̀. Ẹ lè gbé irú lọ, ṣùgbọ́n ẹ sè é, kí ẹ sì jẹ ẹ́ ní 200 ẹsẹ̀ bàtà sí àgọ́, kí ẹ má sì wọ aṣọ tí ẹ fi dáná wọ ibùsùn. Èyí tó rọrùn jù ni oúnjẹ tí kò gba iná: gààrí, ẹ̀pà, kúlíkúlí, dáńkúwà. Ó fúyẹ́, kì í tètè bàjẹ́, kì í sì í fi ọ̀rá sára ìkòkò.

Bí ọkọ̀ bá wà nítòsí, ẹ kó gbogbo oúnjẹ sínú bùútù, kí ẹ tì í pa, kí ẹ sì gbé wíńdò sókè pátápátá. Bí ẹ bá fẹsẹ̀ rìn wọlé, ẹ lo agolo líle tí béárì kò lè ṣí. Lórí Blood Mountain, láàárín Jarrard Gap àti Neel Gap lójú Appalachian Trail, ọ̀nà gígùn tí àwọn arìnrìn-àjò ń fẹsẹ̀ rìn, òfin ni kí ẹnikẹ́ni tó bá máa sun ibẹ̀ láti March 1 sí June 1 ní irú agolo yìí.

Níbi tí òfin bá ti gbà kí ẹ fi oúnjẹ kọ́ igi, ẹ mú okùn tó gùn tó 50 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ so òkúta mọ́ orí rẹ̀, kí ẹ jù ú kọjá ẹ̀ka tó ga tó 20. Kí àpò wà ní ẹsẹ̀ bàtà 12 sílẹ̀, kó sì jìnnà sí ara igi ní ẹsẹ̀ bàtà 6. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn so ìdí okùn mọ́ igi kan náà níbi tó rẹlẹ̀. Béárì tó bá ti gbọ́n á já okùn, àpò á bọ́ sílẹ̀. Ẹ so ó mọ́ igi mìíràn, kí ẹ sì ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú.

Bí ẹ bá pàdé rẹ̀, ẹ má sáré, ẹ má gun igi. Ó mọ igi gùn jù yín lọ. Ẹ kó àwọn ọmọ jọ sẹ́yìn yín, ẹ na ọwọ́ sókè, ẹ pariwo, kí ẹ máa fẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá kọlù yín, ẹ má ṣe bí òkú. Ẹ bá a jà, kí ẹ dojú lé imú àti ojú rẹ̀.

*Ẹ dákun, níbo la ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀? — Màmá àgbà kan, Decatur*

Ìbéèrè gidi ni, Màmá. Ẹ ní kí wọ́n fi ṣọ́bìrì kékeré gbẹ́ ihò tó jin ní íǹṣì 6 sí 8, ní 200 ẹsẹ̀ bàtà sí odò, sí ọ̀nà àti sí àgọ́. Ẹ bò ó padà dáadáa. Tíṣù, ìlédìí ọmọ àti páàdì, inú ọ̀rá ni, kí ẹ sì gbé e délé. Bí orúnkún kò bá jẹ́ kí ẹ lóṣòó, bọ́kẹ́ẹ̀tì oníjòkóò tó ní ìdérí wà tí wọ́n ń tà, ẹ tẹ́ ọ̀rá méjì sínú rẹ̀.

*Bí òtútù bá mú wa, ṣé a lè tan sítóòfù gáàsì sínú àgọ́, kí a ṣí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ díẹ̀? — Tọkọtaya kan, Lithonia*

Rárá. Ẹ má dán an wò, yálà gáàsì ni tàbí èédú. Gáàsì carbon monoxide tó ń ti ibẹ̀ jáde kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ó máa ń kun èèyàn lóorun ni, kó tó pa á.

Ilẹ̀ ló ń jí ooru ara yín, nítorí náà ẹ fi owó sí ohun tí ẹ máa tẹ́ sábẹ́ ju ìbora lọ. Ní gbogbo 1,000 ẹsẹ̀ bàtà tí ẹ bá gùn, òtútù á fi nǹkan bí dígíríì Fahrenheit 3 àti ààbọ̀ le sí i. Níbi tó ga tó 3,500 ẹsẹ̀ bàtà, òtútù á fi nǹkan bíi dígíríì 9 le ju ti Atlanta lọ. Àǹkárá àti jíìnsì kò ṣeé gbára lé, òwú ni. Tó bá ti lómi, á máa fa ooru kúrò lára. Ẹ pààrọ̀ sí aṣọ gbígbẹ kí ẹ tó sùn, ẹ dé fìlà wúùlù, kí ẹ da omi gbígbóná sínú ìgò tó le, tó dé pa, kí ẹ gbé e sí ìdí ẹsẹ̀.

Bí ẹ bá dáná síta, ẹ má gbé igi ìdáná wá láti ilé, nítorí kòkòrò tó ń pa igi ash máa ń bá a rìn. Igi tó ti kú, tó wà nílẹ̀, tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ni kí ẹ ṣà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan gbọdọ̀ wà nídìí iná kí ẹ tó ṣáná. Lákòókò tí ẹ bá ń pa á, ẹ da omi sí i, ẹ rò ó, ẹ tún da omi sí i, títí ẹ ó fi lè ki ọwọ́ bọ eérú náà láìgbóná. Ní ìgbà ìwọ́wé 2016, iná kan jó nǹkan bí 28,000 éékà ní Cohutta, apá kan nínú igbó Chattahoochee yìí. Bí ewé ibẹ̀ ṣe lè gbẹ tó nìyẹn.

*Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ńkọ́? — Òǹkàwé kan, Duluth, Georgia*

Kò sí ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Ẹ ti gba máàpù sórí fóònù láti ilé. iPhone 14 àti èyí tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ lè fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́ pàjáwìrì, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ojú ọ̀run gbalasa. Lábẹ́ igi àti nínú àfonífojì tóóró, ó lè pẹ́. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìwé tí ẹ máa fi sílẹ̀ fún ẹnì kan: nọ́ńbà ọ̀nà igbó tí ẹ gbà, àwọ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀, iye yín, orúkọ káúńtì tí ẹ wà, wákàtí tí ẹ máa padà, àti wákàtí tó gbọdọ̀ pe ọlọ́pàá bí kò bá gbúròó yín. Kí onítọ̀hún jẹ́ ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ìbàdàn kò lè fi fóònù rẹ̀ pe 911 ti Georgia. Ẹni tó bá sì pè é láti Atlanta, káúńtì yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi í, kí wọ́n lè so ó pọ̀ mọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ igbó náà.