Ṣé Ẹni Tó Ṣubú Lórí Quad Ju Ẹni Tó Fo Triple Tó Dúró Lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ máa ń wo eré yíyọ̀ lórí yìnyín. Ó ní quad (fífò tí ara yí ìgbà mẹ́rin lójú òfuurufú) nìkan ni wọ́n ń kà fún àwọn ọkùnrin, pé ẹni tó bá fò ó, bó tilẹ̀ ṣubú, máàkì rẹ̀ ju ti ẹni tó fo triple (oníyípo mẹ́ta) tó sì dúró dáadáa lọ. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló tiẹ̀ mú quad le tó bẹ́ẹ̀, ṣé agbára ẹsẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, jẹ́ kí n ti ibi agbára ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wo ọkùnrin kan náà bó ṣe ń fo triple, kó o tún wò ó bó ṣe ń fo quad. Bó ṣe ga kúrò nílẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 0.7 péré ló ń lò lójú òfuurufú. Bó ṣe ń yára yí ló yàtọ̀. Gbàrà tó bá ti gbéra, ó gbọ́dọ̀ kó apá mọ́ àyà, kó ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kó máa yí bí òkòtó. Bí apá bá pẹ́ díẹ̀ kó tó wọlé, ìyí náà á falẹ̀, ilẹ̀ á sì dé kí ìkẹrin tó pé. Lẹ́yìn náà ló ní láti tú ara sílẹ̀, kó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, lórí etí òde irin bàtà, kó sì máa yọ̀ lọ sẹ́yìn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ẹrù tó ń já lé ẹsẹ̀ yẹn ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

Oríṣi fífò mẹ́fà ló wà. Toe loop, flip àti Lutz, eyín iwájú irin ni wọ́n fi ń gún yìnyín kí wọ́n tó gbéra. Salchow, loop àti Axel, etí irin nìkan ni. Lutz ni mo fẹ́ràn jù lọ. Etí òde ni eléré ń gùn bọ̀, tí ara ń tẹ̀ sápá kan, ó sì fẹ́ yí sí òdìkejì! Ọ̀pọ̀ ni irin wọn máa ń yẹ̀ sí etí inú kó tó gbéra, tí Lutz á sì fẹ́ di flip mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Axel nìkan ni wọ́n ń kọjú síwájú gbéra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí quad Axel fi jẹ́ ìyípo mẹ́rin àti ààbọ̀. Kurt Browning ará Kánádà ló kọ́kọ́ fo quad tí wọ́n fọwọ́ sí, toe loop ni, níbi ìdíje àgbáyé ní Budapest lọ́dún 1988. Quad Axel kò ṣeé ṣe títí di oṣù Kẹsàn-án 2022, nígbà tí Ilia Malinin ará Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 17, fò ó ní Lake Placid. Yuzuru Hanyu ará Japan ti gbìyànjú rẹ̀ ní Òlíńpíìkì Beijing ní oṣù Kejì ọdún yẹn, ó sì ṣubú. Mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún ìgbìyànjú yẹn ju ọ̀pọ̀ àmì-ẹ̀yẹ wúrà lọ.

Ó wá kan ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìṣirò ò ní tì í lẹ́yìn. Iye orí quad Lutz, ìyẹn máàkì tó ní kí àwọn adájọ́ tó fi kún un tàbí yọ kúrò nínú rẹ̀, jẹ́ 11.5, ti triple Lutz jẹ́ 5.9. Ẹni tó bá ṣubú, àwọn adájọ́ á fún un ní àyọkúrò márùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́wàá iye orí náà sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdajì ti lọ nìyẹn, ó ku 5.75. Wọ́n á tún yọ 1 fún ìṣubú, ó di 4.75. Triple tó dúró ti jù ú lọ, kí àwọn adájọ́ tó fi máàkì kún un fún bó ṣe fò ó dáadáa rárá. Ṣùgbọ́n má bá a jà o: ṣáájú 2018, òótọ́ ló sọ. Iye orí quad ga nígbà náà, ìyà ìṣubú sì kéré, débi pé àwọn eléré ń fi ìṣubú kó máàkì. Inú mi dùn pé wọ́n yí òfin náà padà.

Síbẹ̀, ẹni tí kò ní quad kò lè bá àwọn àgbà du ipò mọ́. Ní Òlíńpíìkì Vancouver lọ́dún 2010, Evan Lysacek ará Amẹ́ríkà gba wúrà láìfo quad kankan, ó fi máàkì 1.31 ju Evgeni Plushenko ará Rọ́ṣíà tó fò ó lọ. Ariwo pọ̀ lórí ẹ̀, àmọ́ èmi gbà pé Lysacek ló tọ́ sí. Lónìí, irú ẹ̀ ò lè wáyé. Ní Òlíńpíìkì Pyeongchang lọ́dún 2018, Nathan Chen ará Amẹ́ríkà ba eré kúkurú, apá àkọ́kọ́ ìdíje, jẹ́ débi pé ipò 17 ló wà. Ó gbìyànjú quad mẹ́fà nínú eré gígùn, apá kejì, ó gba máàkì tó ga jù lọ nínú rẹ̀, ó sì gòkè dé ipò karùn-ún.

Tẹ́ ẹ bá tún jókòó, ẹ má ka ìyípo lójú òfuurufú, kò ṣeé kà. Ẹ dúró de àtúnwò tó ń falẹ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tí irin kọjú sí nígbà tó fẹnu kan yìnyín. Bó bá ku ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan lọ, iye orí fífò náà á dín sí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá ku ìdajì, triple ni wọ́n máa kà á sí.