Ṣé èrò ni ojú ń rí? Ìtumọ̀ òwe “Àlejò lójú, kò fi í ríran”

Ẹnì kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Kubwa ní Àbújá béèrè bóyá òwe yìí bá ẹ̀kọ́ Hermann von Helmholtz, onímọ̀ ará Jámánì, mu, pé ohunkóhun tí a bá rí, ìdájọ́ tí ọkàn ti fi ìrírí àtẹ̀yìnwá ṣe láìfura ni.

Wọ́n jọra débì kan. Ẹ wo àpáta Zuma, tí ó wà lójú ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná nítòsí Suleja. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá lè má rí ju òkúta ńlá lọ, títí ẹni tí ó mọ ibẹ̀ yóò fi nawọ́ sí i pé ojú nìyí, ẹnu nìyí. Láti ọjọ́ náà, ojú ènìyàn ni yóò máa rí. Helmholtz jàre níbí: ohun tí a ti mọ̀ ń tún ohun tí à ń rí ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé òkúta lásán ni, síbẹ̀ ojú náà kò parẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà méjì tí Müller-Lyer, onímọ̀ ará Jámánì mìíràn, gbé jáde ní 1889, tí ọ̀kan dà bí ẹni pé ó gùn ju èkejì lọ nítorí ọfà etí wọn: ẹni tí ó ti fi rúlà wọ̀n wọ́n, tí ó sì mọ̀ pé wọ́n dọ́gba, yóò ṣì máa rí wọn bí èyí tí kò dọ́gba.

Àwọn tí ń gbèjà Helmholtz yóò ní ìdájọ́ tí a kò fura sí kò sí níkàáwọ́ wa. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò mọ ìgbà tí a ṣe é, tí ẹ̀rí kò sì lè yí padà, n kò rí ìdí tí a fi ń pè é ní ìdájọ́.

Ọ̀rọ̀ àlejò inú òwe wa yàtọ̀ sí ti ìlà Müller-Lyer, nítorí ẹ̀rí lè yí i padà. Ojú rẹ̀ mọ́ gaara. Ìtumọ̀ ohun tí ó ń rí ni kò mọ̀, ìdí sì nìyí tí a fi ń pa òwe náà láti bá àlejò tí ó ṣi ẹsẹ̀ gbé bẹ̀bẹ̀. Bí ó bá na ọwọ́ sí ìyàwó ilé Haúsá kan láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tí a sì sọ fún un pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn, ọjọ́ náà gan-an ni yóò jáwọ́.