Má tíì san owó ẹgbẹ́ yẹn: èsì fún olùkọ́ dùùrù tó wà ní Iléṣà

Àbúrò, jọ̀ọ́, má tíì san owó yẹn. Mo rí i pé ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dá fún ẹ, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí lálẹ́ yìí.

O ní ṣọ́ọ̀ṣì lo ti ń tẹ dùùrù ní Iléṣà, àwọn òbí wá bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ wọn wá bá ẹ. O fẹ́ mọ ibi tí àwọn olùkọ́ dùùrù ti ń bá ara wọn pàdé, ohun tí o lè máa kà, àti bóyá kí o san owó ẹgbẹ́ kan tó ní òun máa fún ẹ ní ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yẹn ni n ó kọ́kọ́ sọ, torí ojú mi rí màbo nídìí ẹ̀.

Èmi náà ti san irú ẹ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Èkó sí Ìbàdàn, ó pe ara rẹ̀ ní alága àwọn olùkọ́ dùùrù. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. A san owó ìwọlé, a san owó ọdọọdún, a tún san owó ìpàdé ńlá tí wọ́n ṣe ní gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì kan. Wọ́n fún wa ní káàdì tí a gbé kọ́rùn, wọ́n bu jọ̀lọ́ọ̀fù sínú ike fún wa. Kíbọ́ọ̀dù kan wà níwájú gbọ̀ngàn náà, aṣọ ni wọ́n fi bò ó láti àárọ̀ títí a fi tú ká, kò sẹ́ni tó ṣí i. Bí èèyàn ṣe lè sọ orin di owó ni olùbánisọ̀rọ̀ ń rò kalẹ̀. Kò sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ọdún méje tí ìka rẹ̀ ò tíì lágbára. Ọ̀kan nínú wa dìde, ó béèrè ohun tí òun lè ṣe fún ọmọ tó máa ń gan ọwọ́ bó bá ti fẹ́ tẹ dùùrù. Ọ̀gá ní kó gbé ẹyọ owó lé ẹ̀yìn ọwọ́ ọmọ náà, bó bá ti jábọ́, kó nà án. Lóde òní! Ẹyọ owó yẹn gan-an ló ń mú kí ọrùn ọwọ́ ọmọ le bí igi, torí kò ní rántí orin mọ́, owó ni yóò máa ṣọ́. Ta ló tiẹ̀ ṣì ń rí kọ́bọ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà?

Ìyẹn ò tíì dùn mí tó ọ̀rọ̀ ìdánwò. Ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ló ń bá wa fi orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ fún ìdánwò ABRSM, ìdánwò orin àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà láti 1889. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn o, alágbàṣe ara rẹ̀ ni, ó sì ń bu èrè tirẹ̀ lé owó. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà yẹn, ọmọbìnrin, ọ̀nà Òpá ní Ifẹ̀ níbí ni òun àtàwọn òbí rẹ̀ ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ yá, etí rẹ̀ sì mú. Ó tó Gíréèdì 6, ìpele kẹfà nínú mẹ́jọ. Mo bi ọ̀gbẹ́ni náà léèrè lójúkojú pé ṣé ohun kan wà tí ọmọ yìí gbọ́dọ̀ ní kó tó lè ṣe é. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé òun ló mọ iṣẹ́ náà. Ó gba owó.

Ohun tí kò sọ nìyí, kí ìwọ gbọ́ ọ lẹ́nu mi lónìí: láti Gíréèdì 6 lọ sókè, ABRSM kì í gba ọmọ fún ìdánwò dùùrù bí kò bá tíì yege tíọ́rì orin, ìyẹn ìmọ̀ orin lórí ìwé, ní Gíréèdì 5. Wọ́n lè gba Gíréèdì 5 nínú ìdánwò wọn míì tó ń jẹ́ Practical Musicianship tàbí ti jáàsì dípò rẹ̀, ṣùgbọ́n tíọ́rì ni gbogbo èèyàn ń ṣe. Bó ti wù kí ọmọ mọ dùùrù tẹ̀ tó, òfin ni òfin.

Ọmọ yìí ti ń gbára dì láti ìgbà òjò títí ọyẹ́ fi dé. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ó máa ń ta ìka sórí tábìlì oúnjẹ nígbà tí iná bá lọ. Ìdánwò ti kù fẹ́ẹ́rẹ́ kí iṣẹ́ tó dé pé wọn ò rí ìwé ẹ̀rí tíọ́rì rẹ̀. Mo pe ọ̀gbẹ́ni yìí, kò gbé e. Mo fi fóònù ọkọ mi pè é, ó gbé e. Bó ti gbọ́ ohùn mi ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bàjẹ́. Mo wọkọ̀ lọ bá a l'Ékòó. Ọmọdékùnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì ní ọ̀gá wà ní mítìn. Mo jókòó. Ẹni tó wà ní mítìn ni mo ń gbọ́ bọ́ọ̀lù nínú yàrá rẹ̀, àwọn olùwòran ń pariwo lórí tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó jáde, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Màdáàmù, àbí ẹ ò ka ìwé òfin ni?" Ìwé òfin tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò fún ẹnì kankan nínú wa! Ó ní owó tó ti wọlé kì í jáde. Mo pariwo, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Owó kọ́ ló dùn mí jù. Ìyá ọmọ náà wá sílé mi ní Lágere nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Kò wọlé, kò sì bínú sí mi lójú. Ó ní, "Antí, ẹ fẹnu ara yín sọ fún un, torí èmi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́." Ọmọ náà wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di àwọn ìwé orin mọ́ àyà. Mo sọ fún un. Ohun tó béèrè ni pé ṣé kí òun ṣì máa gbára dì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀rọ̀ ti dé etí àwọn òbí yòókù, àwọn kan mú ọmọ wọn kúrò lọ́dọ̀ mi wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ ti le. Ọmọ yẹn ṣe tíọ́rì, ó yege, ó sì ṣe Gíréèdì 6 lẹ́yìn náà. Àwọn tó lọ ò padà.

Nítorí náà, ka sílábọ́ọ̀sì fúnra rẹ, kó o kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀fẹ́ ni lórí ojúewé wọn. Fífi orúkọ sílẹ̀ ò le rárá, wàá ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wàá sanwó, ó parí. Tíọ́rì Gíréèdì 1 sí 5, orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń ṣe é láti 2020, máàkì 75 ló wà níbẹ̀, 50 sì ni wọ́n fi ń yege. Ti dùùrù jẹ́ 150: orin mẹ́ta, 30 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, síkéèlì 21, kíka orin lójú ẹsẹ̀ 21, ti etí 18. Ọmọ tó bá ní 100 ti yege. Bí kò bá sí tíọ́rì lọ́wọ́ ọmọ, tí ìyá rẹ̀ sì ń kán ẹ lójú, Trinity, àwọn Gẹ̀ẹ́sì míì tó ń ṣe ìdánwò orin, ò béèrè ìwé ẹ̀rí tíọ́rì kí wọ́n tó gba ọmọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Performance Grade náà dé ní 2020, fídíò orin mẹ́rin ni ọmọ máa ṣe, kò ní rìn lọ sí Èkó. Ó rọrùn fún àwa tó wà lókè yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ àwọn orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ léra wọn láìdá fídíò dúró, wọn ò fẹ́ kí a gé e. Tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá bú ramúramù lórí orin kẹta, ẹ ó padà sí orin kìíní ni. Kò sì sí síkéèlì tàbí orin àkàlójúẹsẹ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni mo fi máa ń ṣọ́ra. Mo ti rí ọmọ tó gba máàkì gidi nípa fídíò tí kò lè ka ìlà kan nínú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì.

Má tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta dùùrù tòkunbọ̀ fún ẹ láìjẹ́ pé ẹni tó ń tún un ṣe bá ẹ lọ wò ó. Ṣọ́ọ̀ṣì kan tí mo mọ̀ rà á, ó ń dán, igi rẹ̀ dára lójú. Ọyẹ́ dé, pákó inú rẹ̀ gbẹ, ohùn rẹ̀ já wálẹ̀, àwọn ìṣó tó mú okùn náà ò mú mọ́. Okùn tó wà nínú irú dùùrù bẹ́ẹ̀ lé ní 200, ẹni tó máa fà wọ́n padà sípò kì í sí nítòsí. Kíbọ́ọ̀dù oní-kíì 88 tí ọwọ́ ń wọ̀ lára ni kó o rà, kó o sì ra sítébíláísà mọ́ ọn, torí bí iná bá ṣe ń dé lójijì, á jó adápítọ̀ rẹ.

Ìwé tí wàá kà ńkọ́? Ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì IMSLP, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2006, kún fún orin àwọn tó ti kú tipẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Burgmüller Opus 100 wà níbẹ̀, orin kéékèèké 25 ni, àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ ju orin ìdánrawò Czerny lọ. Musictheory.net dára fún tíọ́rì. MuseScore tí a fi ń kọ orin sórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni, ojúewé kan wà tó ń jẹ́ orúkọ kan náà tó ń gba owó, má jẹ́ kí ó dà ẹ́ láàmú. Ẹgbẹ́ olùkọ́ gidi wà lókè òkun: MTNA ti Amẹ́ríkà wà láti 1876, EPTA ti Yúróòpù láti 1978. Ka ohun tí wọ́n fi síta lọ́fẹ̀ẹ́, owó dọ́là wọn lè dúró ná.

Ṣùgbọ́n o wà ní Iléṣà! Ìrìn díẹ̀ ló kù kó o dé Ifẹ̀, ẹ̀ka orin sì wà ní OAU. Akin Euba, tó kú ní 2020, kọ́ni níbẹ̀, òun ló ní ká máa tẹ dùùrù bí ẹni tó ń lu ìlù ilẹ̀ wa, Ayọ̀ Bánkólé (1935 sí 1976) náà kọ orin dùùrù tí ohùn Yorùbá wà nínú rẹ̀. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe àṣehàn, lọ jókòó. Lẹ́yìn rẹ̀, kí olùkọ́ wọn, sọ orúkọ rẹ, sọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe. Má retí kí wọ́n pè ẹ́, àwọn ọ̀mọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ wá èèyàn kiri.

Ìpàdé tí èmi ń rí èrè rẹ̀ kò ní káàdì ọrùn. Àwa díẹ̀ ni, láti Ifẹ̀, Mọ́dákẹ́kẹ́ àti Ẹdúnàbọ̀n. Ẹnìkan á mú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá, á kọ́ ọ lójú wa, àwa yòókù á pa ẹnu mọ́. Nígbà kan, ẹlẹgbẹ́ wa kan mú ọmọkùnrin kan wá, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, kọ́ọ̀dù wà lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. Olùkọ́ náà ní kó tẹ orin kan ní G. Ọmọ na ọwọ́ sí bọ́tìnnì transpose, èyí tó máa ń bá èèyàn gbé ohùn orin sókè tàbí sílẹ̀ láìyí ìka padà. A rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ bébà lé bọ́tìnnì náà lórí, ó ní kí ọmọ kọ dò rè mí láti G, kó máa fi ìka kan ṣoṣo wá ohùn kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí tì, ó tẹ F funfun. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ yí. Ó tún un tẹ̀. Obìnrin náà ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wo ọwọ́ ọmọ. Ìka yẹn wá rìn lọ sórí kíì dúdú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ náà gbé orí sókè, ó wò wá. Gbogbo wa ló kọ nǹkan sínú ìwé lọ́jọ́ yẹn.

Àwọn gúrúùpù WhatsApp náà wà, mo wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Àdúrà òwúrọ̀ àti ìkíni ọjọ́ ìbí ló pọ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú PDF ìwé tí àwọn tó kọ ọ́ ṣì wà láàyè, tí ẹnikẹ́ni ò sì gba àṣẹ wọn. Má fi fídíò ọmọ ọlọ́mọ síbẹ̀ láìgba àṣẹ òbí. Wá olùkọ́ méjì sí mẹ́ta ní Ìsọ̀kùn tàbí níbikíbi tó bá sún mọ́ ẹ, kódà bó bá jẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì míì ni, kí ẹ máa ṣe bí tiwa. Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi, a lè wá lọ́jọ́ Sátidé kan.

Ti iye tí o máa gbà lọ́wọ́ òbí, mi ò dáhùn ìyẹn. Kí àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní Iléṣà gan-an bá ẹ sọ ọ́, torí owó Ifẹ̀ kọ́ ni owó Iléṣà.