Èsì: Ta ló ń ṣọ́ Ààrẹ?
Màmá wa, ẹ ní ọmọ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yunifásítì níbí ní Ilé-Ifẹ̀ fẹ́ wọ DSS, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, kó lè dà bí ṣọ́jà tó máa ń dúró lẹ́yìn Ààrẹ. Ṣọ́jà yẹn, ADC ni, ọmọ ogun tó máa ń bá Ààrẹ rìn, kì í ṣe DSS rárá. Ipò CSO, ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ Ààrẹ, ni àwọn DSS sábà máa ń dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ogun ni ti Abacha, Májò al-Mustapha. Ọdún 1986 ni Babangida pín NSO, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìgbà yẹn, sí mẹ́ta, tí DSS fi jáde. Iṣẹ́ náà ju ìbọn gbígbé lọ o: àwọn ẹ̀ṣọ́ á ti lọ wo ibi tí Ààrẹ ń lọ ṣáájú, ọ̀nà àbáwọlé, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà sá jáde. Iṣẹ́ àṣírí sì ni, nítorí náà kí ọmọ yín kọ́kọ́ dín àwòrán tó ń gbé sórí Facebook kù ná, ẹ má bínú.