Re: Àwọn ará ilé mi ò fẹ́ gbọ́ ìwàásù mi mọ́, kí ni kí n ṣe?

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ wo ti Dominic, àlùfáà Kátólíìkì ará Sípéènì, òun náà ni wọ́n forúkọ ẹ̀ pe ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó wà ní Yaba yẹn. Ní 1203 òun àti Bíṣọ́ọ̀bù Diego sùn sí Toulouse ní Faransé, onílé tí wọ́n wọ̀ sí wá jẹ́ Cathar, àwọn tó gbà pé ayé tá a ń fojú rí yìí kì í ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run rere, Dominic ò wá sá fún un o, ṣe ló jókòó tì í tí wọ́n jọ ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ọkùnrin yẹn sì yí padà. Gbogbo òru! Àwa ńkọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún, ojú ti le.

Ti 1206 ló tiẹ̀ wù mí jù. Àwọn aṣojú tí Póòpù rán láti wàásù fáwọn Cathar ń ráhùn ní Montpellier, ní Faransé náà, pé àwọn èèyàn ò gbọ́ tàwọn, Diego ní kí wọ́n fi ẹṣin àti gbogbo fàájì yẹn sílẹ̀, kí wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn bíi tálákà, torí àwọn oníwàásù Cathar ò gbé ìgbé ayé olówó, àwọn ará ìlú sì ń wò wọ́n. Torí náà ẹ sinmi ariwo ìwàásù àárọ̀ yẹn ná, ẹ jẹ́ káwọn ará ilé yín sọ tiwọn fún yín.